Bí Dìsáìnà Ṣe Lè Bá Nọ́ọ̀sì, Olùkọ́ Èdè, Ayàwòrán àti Atẹ̀wé Ṣiṣẹ́ Pọ̀

Iṣẹ́ gíráfíìkì tó bá jẹ mọ́ ìlera, ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Dìsáìnà mọ bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ àti àwòrán sójú ìwé, ṣùgbọ́n kò mọ ìwọ̀n oògùn. Nọ́ọ̀sì mọ ìwọ̀n oògùn, ṣùgbọ́n ó lè má mọ̀ pé gbogbo àlàyé tí òun fẹ́ kó wọlé yóò sọ lẹ́tà di kíkéré débi tí ìyá àgbà kò ní lè kà á. Olùkọ́ èdè mọ ibi tí àmì ohùn yẹ kó wà, kò sì mọ̀ pé fọ́ńtì (ìrísí lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà) tí dìsáìnà yàn kò lè gbé àmì náà. Ìtọ́sọ́nà yìí dá lórí bí a ṣe ń kó irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ jọ tí iṣẹ́ wọn yóò fi di ọ̀kan. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni a ó sì máa lò: ìwé ìléwọ́ olójú-ewé mẹ́rin ní èdè Yorùbá, tó ń kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń po ORS, ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi, fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru.

Lójú tèmi, àìmọṣẹ́ kọ́ ló máa ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni kì í sọ ẹni tó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí ohun kọ̀ọ̀kan, àti pé àwọn onímọ̀ yòókù kì í fojú kan iṣẹ́ náà àfi ìgbà tí dìsáìnà bá ti fi àwọ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ tán. Nígbà náà, àtúnṣe ti di ọ̀wọ́n, ojú a sì máa ti ènìyàn láti sọ pé kí wọ́n tú u palẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ohun tí olùkàwé yóò lè ṣe sílẹ̀

“Ìlanilọ́yẹ̀ lórí ìgbẹ́ gbuuru” kì í ṣe èròǹgbà tí dìsáìnà lè fi ṣiṣẹ́, nítorí pé kò sí ohun tí kò lè wọ abẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn tó wúlò ni èyí tó sọ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe: “Lẹ́yìn tí ìyá bá ti wo ìwé yìí, yóò lè po sáṣẹ́ẹ̀tì ORS kan sínú lítà omi tó mọ́ kan, yóò lè máa fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀, yóò sì mọ àwọn àmì tó ń sọ pé kí ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.” Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí gbogbo ẹni tí iṣẹ́ náà kàn sì fọwọ́ sí i.

Ibí yìí gan-an ni àríyànjiyàn yẹ kó ti wáyé. Nọ́ọ̀sì lè sọ pé ORS nìkan kò tó, pé láti 2004 ni WHO àti UNICEF ti jọ gbà wá nímọ̀ràn pé kí á fi síǹkì kún un fún ọjọ́ 10 sí 14, mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà, àti 10 fún èyí tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì ń sọ ìwé olóhun kan di olóhun méjì. Tí a bá gbọ́ ọ lónìí, gbólóhùn kan ni a ó tún kọ. Tí a bá gbọ́ ọ nígbà tí ilé ìtẹ̀wé ti ṣe pléètì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ ìwé, owó ló ń lọ yẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan àwọn ènìyàn, kí ẹ sì pín ọ̀rọ̀ ìkẹyìn

Fún ìwé tiwa yìí, ẹ óò nílò nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó ń tọ́jú ọmọdé, òṣìṣẹ́ ìlera tó ń wọ àdúgbò, olùkọ́ èdè Yorùbá, ayàwòrán, dìsáìnà, atẹ̀wé, àti àwọn ìyá tó ní ọmọ kékeré. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé atẹ̀wé títí di ọjọ́ tí wọ́n bá gbé fáìlì lọ bá a, bẹ́ẹ̀ òun ló mọ ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó yẹ kí á ti máa fi kọ́ àwọn dìsáìnà wa láti ọjọ́ pípẹ́. Ní Vienna, olú-ìlú Austria, ní 1925, Otto Neurath, onímọ̀ nípa ètò ọrọ̀ ajé àti àwùjọ, dá musíọ̀mù kan sílẹ̀ tí yóò máa fi àwòrán ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àwùjọ àti ètò ọrọ̀ ajé fún ará ìlú, láti ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ìyàwòrán tí a mọ̀ sí Isotype ti jáde. Àwọn onímọ̀ ló ń pèsè iye àti ìròyìn. Gerd Arntz àti àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ya àwọn àmì. Ṣùgbọ́n àwọn ìhà méjèèjì yìí kò kàn dédé pàdé. Marie Reidemeister, tí ó di ìyàwó Neurath lẹ́yìn náà, ló wà láàárín wọn: òun ló ń gba àkójọ lọ́wọ́ onímọ̀, tí ó ń yan ohun tó yẹ kí ará ìlú mọ̀ nínú rẹ̀, tí ó sì ń fi pẹ́ńsùlù ya bí ojú ìwé yóò ṣe rí kí ayàwòrán tó fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe òun ló ń pèsè iye, kì í sì í ṣe ayàwòrán ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n láìsí i, ohun tí ìhà kan mọ̀ kò ní dé ọwọ́ ìhà kejì ní bí ó ti yẹ.

Obìnrin yìí kan náà ló wá sí Ìbàdàn ní 1954, lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fẹ́ ṣàlàyé ètò rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́, ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Àwọn ìwé pélébé alájùmọ̀ṣe jáde láti inú iṣẹ́ náà, ẹ̀dà wọn sì wà nínú àkójọ Isotype ní Yunifásítì Reading ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di òní. Àwọn àmì tí wọ́n ti ń lò ní Yúróòpù kò ṣeé gbé wá bẹ́ẹ̀. Aṣọ, ilé àti iṣẹ́ oko inú àwòrán ní láti jọ ti ibí, ẹni tí kò bá sì wá fojú ara rẹ̀ rí i kò lè yà á. Ó yà mí lẹ́nu pé a kì í gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ni ní gíráfíìkì nílẹ̀ wa.

Nítorí náà, ẹ yan ẹnì kan tí yóò dúró ní agbedeméjì. Ó lè jẹ́ dìsáìnà fúnra rẹ̀ tí ó bá ní sùúrù láti béèrè ìbéèrè, ó sì lè jẹ́ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ pín ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sórí bébà báyìí: nọ́ọ̀sì ló ni gbogbo iye àti gbogbo àmì ewu, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí nọ́ḿbà kan padà láìjẹ́ pé ó buwọ́ lù ú. Olùkọ́ èdè ló ni ìhun gbólóhùn àti àkọtọ́. Dìsáìnà lè sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ti gùn jù fún àyè tó wà, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni yóò gé e kúrú. Ayàwòrán ló ni bí ìlà yóò ṣe rí, kì í ṣe òun ló ni ohun tó wà nínú àwòrán. Dìsáìnà ló ni ètò ojú ìwé, ìtóbi lẹ́tà àti àyè òfìfo. Mo tẹnu mọ́ àyè òfìfo nítorí pé òun ni gbogbo ènìyàn máa ń fẹ́ fi nǹkan kún. Atẹ̀wé ló ni ọ̀rọ̀ lórí ìwé àti tàdáwà. Ní ti àwọn ìyá, bí àwòrán kan kò bá yé wọn, kò sí ìbò tí ẹgbẹ́ lè dì tí yóò sọ ọ́ di ohun tó yé wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ lọ wo ohun náà níbi tí wọ́n ti ń ṣe é

Ìpàdé nínú ọ́fíìsì máa ń mú ọ̀rọ̀ jáde, ṣùgbọ́n ohun èlò ni ayàwòrán nílò. Ẹ bẹ nọ́ọ̀sì kí ó po ORS níṣojú dìsáìnà, ayàwòrán àti olùkọ́ èdè. Kí ayàwòrán máa wo ọwọ́, kí olùkọ́ èdè sì máa kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì ń lò fún àwọn ìyá gan-an sílẹ̀, nítorí pé ìwọ̀nyí sábà máa ń dára ju èyí tó wà nínú ìwé ìlànà lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ.

Ní irú ibẹ̀ ni ìṣòro lítà yóò ti yọjú. Lítà kan jẹ́ ohun tó dájú lójú nọ́ọ̀sì. Ayàwòrán gbọ́ ọ, ó sì ya jọ́ọ̀gì tí wọ́n fàlà sí lára. Èwo nínú àwọn ìyá tí ìwé náà wà fún ló ní irú jọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀ nílé? Òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ni yóò sọ pé omi inú ọ̀rá ni wọ́n ní, pé 50 cl ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, nítorí náà méjì yóò di lítà kan. Nọ́ọ̀sì yóò tún dá a lóhùn pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rá ló kún tó bẹ́ẹ̀, pé ORS tí omi rẹ̀ kò tó máa ń ki jù, ó sì lè pa ọmọ lára, àti pé kì í ṣe gbogbo sáṣẹ́ẹ̀tì ORS ló wà fún lítà kan, àwọn kan wà fún omi tó kéré sí i. Láti inú ìjíròrò yìí ni àwòrán tó tọ́ yóò ti jáde: bóyá ìgò 50 cl méjì tí nọ́ḿbà hàn kedere lára wọn, pẹ̀lú ìka tó ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n omi sí lẹ́yìn sáṣẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ì bá dá ronú kan àwòrán yìí.

Irú ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ní Nàìjíríà láti po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fúnra wọn nílé, ìgò bíà kan tàbí ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì ni wọ́n fi ń wọn omi, kí ó lè jẹ́ 60 cl. Ó bọ́gbọ́n mu nígbà tí ìgò ẹlẹ́rìndòdò jẹ́ 30 cl. Lóde òní, oríṣiríṣi ìwọ̀n ló wà lọ́jà, pósítà àtijọ́ tó ya ìgò méjì láìkọ nọ́ḿbà sí i lára yóò sì ṣi ènìyàn lọ́nà. Nítorí náà, ẹ máa kọ ìwọ̀n sára ohun èlò inú àwòrán nígbà gbogbo.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ parí ọ̀rọ̀ kí dìsáìn tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ inú ìwé náà tán sórí ìwé lásán. Nọ́ọ̀sì ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́nu, olùkọ́ èdè yóò kọ ọ́, nọ́ọ̀sì yóò sì tún kà á padà bóyá ìtumọ̀ ti yẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó wá túmọ̀ rẹ̀. Èdè tó bá ti bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn ṣòro láti fà padà wálé.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ fọ́ńtì, níbi tí olùkọ́ èdè àti dìsáìnà ti gbọ́dọ̀ jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà kan náà. Nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ḿbà nínú kọ̀ǹpútà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ḿbà tiwọn: U+1EB9, U+1ECD àti U+1E63. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ḿbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ ni kọ̀ǹpútà ń kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ni yóò gbé àmì ohùn lé e lórí, U+0301 fún ohùn òkè àti U+0300 fún ohùn ìsàlẹ̀. Fọ́ńtì tí wọn kò bá ṣe ètò yìí sí yóò gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí ó gbé e lé lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, kí dìsáìnà tó fẹ́ràn fọ́ńtì kan, kí ó kọ ìlà yìí ní lẹ́tà lásán, ní lẹ́tà tó dúdú kìrìbìtì àti ní lẹ́tà ńlá: Ẹ́ Ẹ̀ Ọ́ Ọ̀ Ṣ ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ ṣ ń ǹ m̀. Noto Sans, Noto Serif, Charis àti Andika ń gbé e dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Andika ni èmi yóò yàn fún ìwé yìí, nítorí pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kà ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà méjì ju bí ẹ ti ń ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ, kí àmì abẹ́ ìlà òkè má bàa kọlu àmì ohùn ìlà tó tẹ̀ lé e. Kí gbogbo ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ náà sì lo kíbọ́ọ̀dù kan náà, bíi Keyman tàbí Gboard Yorùbá, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì lè jọra lójú kí nọ́ḿbà inú wọn má bára mu, tí ẹ bá sì fẹ́ wá ọ̀rọ̀ kan láti tún un ṣe, kọ̀ǹpútà yóò fo ìdajì rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: pẹ́ńsùlù ló ń ṣáájú

Ẹ pe gbogbo ẹgbẹ́ jọ fún wákàtí méjì. Ẹ ṣẹ́ bébà A4 sí méjì kí ó di ojú-ewé mẹ́rin, kí ẹni agbedeméjì sì máa fi pẹ́ńsùlù ya ohun tí wọ́n ń sọ níṣojú wọn, àwòrán ọmọdé lásán, láìsí ẹwà kankan. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù láti fagi lé àwòrán tí kò lẹ́wà, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ó burẹ́wà ní àkókò yìí. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ pé àmì ewu ṣe pàtàkì ju bí a ṣe ń po oògùn lọ, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀yìn ìwé níbi tí ojú yóò ti tètè rí i, kí ẹ sì wò ó bóyá ó bá gbólóhùn ìgbésẹ̀ kìíní mu. Ayàwòrán kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi títí wọn yóò fi buwọ́ lu bébà yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ gbé e lọ bá àwọn ìyá

Ẹ gbé àwòrán àkọ́yà lọ síbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ẹ sì bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé bí ẹnì kan bá dáhùn láwùjọ, àwọn tó kù yóò gbè é lẹ́sẹ̀. Ìbéèrè “Ṣé ó yé yín, mà?” kò wúlò. Ọ̀wọ̀ kò ní jẹ́ kí wọ́n sọ pé kò yé àwọn. Ẹ fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀, kí ẹ tọ́ka sí àwòrán, kí ẹ sì béèrè pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ẹ rí níbí yìí? Kí ni obìnrin yìí ń ṣe?” Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní sáṣẹ́ẹ̀tì, abọ́, ṣíbí àti omi, kí ó po ó bí ìwé ti wí. Kí àwọn tó ṣe ìwé náà dúró, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Ó máa ń ṣòro fún nọ́ọ̀sì jù lọ. Ẹnì kan ni kí ó máa kọ ohun tí ìyá náà sọ gẹ́lẹ́ sílẹ̀.

Ẹ óò rí i pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ka àwòrán láti òsì sí ọ̀tún, nítorí náà nọ́ḿbà ńlá dára ju ọfà lọ. Ẹ óò rí i pẹ̀lú pé àwòrán ohun tí kò dára tí wọ́n fagi lé máa ń ṣi àwọn kan lọ́nà: ohun inú àwòrán ni wọ́n rí, wọn kò ka àmì tí a fi fagi lé e sí. Ó sàn kí ìwé kékeré fi ohun tó tọ́ nìkan hàn.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹnì kan ni kí ó máa gba àtúnṣe

Gbogbo dìsáìnà ló mọ fáìlì tí wọ́n sọ ní “final”, tí “final” mìíràn sì tún tẹ̀ lé. Ẹ fi nọ́ḿbà sórúkọ fáìlì, kí ẹ dá ọjọ́ kan tí àtúnṣe yóò wọlé pátápátá, kí ẹni agbedeméjì kó gbogbo rẹ̀ sójú kan kí dìsáìnà tó rí i. Bí àtúnṣe méjì bá ta kora, bí àpẹẹrẹ tí olùkọ́ èdè bá yí “ṣíbí kan” padà sí “díẹ̀díẹ̀” nítorí pé ó dùn létí jù, bébà ìpín ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ni yóò dá ẹjọ́ náà. Nọ́ḿbà ni, nọ́ọ̀sì ló ni ín. Àtúnṣe tó bá bá ohùn wá lórí WhatsApp gbọ́dọ̀ di kíkọ sílẹ̀. Ẹ sì fi fáìlì ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kì í ṣe bíi fọ́tò, nítorí pé WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, àmì abẹ́ lẹ́tà a sì pòórá lójú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ilé ìtẹ̀wé

Yálà Ṣómólú ní Èkó ni ẹ ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ tàbí Mókọ́lá ní Ìbàdàn, àwọn ohun díẹ̀ wà tí atẹ̀wé àti dìsáìnà gbọ́dọ̀ jọ fẹnu kò lé lórí. Àwọ̀ mẹ́rin tàdáwà ìtẹ̀wé tí wọ́n ń pè ní CMYK ni kí fáìlì wà, àwòrán ní 300 dpi (ẹ̀kán 300 nínú íǹṣì kan), kí àwọ̀ tó dé etí ìwé sì fi mílímítà mẹ́ta kọjá ibi tí wọn yóò gé e dé. Kí ọ̀rọ̀ jẹ́ dúdú kan ṣoṣo, kí ó má ṣe jẹ́ àpapọ̀ àwọ̀ mẹ́rin, nítorí pé bí pléètì bá yẹ̀ díẹ̀, àmì abẹ́ àti àmì ohùn ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ní funfun sórí àwọ̀ tó dúdú; tàdáwà yóò dí àwọn àmì kéékèèké náà. Bí atẹ̀wé bá ń ṣí fáìlì nínú CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe gíráfíìkì, ẹ fún un ní PDF tí fọ́ńtì wà nínú rẹ̀ àti ẹ̀dà mìíràn tí ẹ ti sọ lẹ́tà rẹ̀ di ìlà àwòrán (curves), kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ má bàa fi fọ́ńtì mìíràn rọ́pò.

Ọ̀rọ̀ bébà pẹ̀lú kì í ṣe ti atẹ̀wé nìkan. Bébà tó ń dán máa ń gbé àwọ̀ yọ, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì lè fẹ́ fi báírò kọ ọjọ́ tí ìyá yóò padà wá sẹ́yìn rẹ̀, bébà bẹ́ẹ̀ kì í sì í gba báírò dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan sórí bébà náà gan-an, kí nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ èdè buwọ́ lù ú kí wọ́n tó tẹ ìyókù.

Owó, orúkọ àti ìtọ́jú fáìlì

Ẹ kọ owó olùkọ́ èdè sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun ni wọ́n sábà máa ń ní kí ó “bá wa wò ó fìrí”. Kí àwọn ìyá tó yẹ ìwé náà wò gba owó ọkọ̀. Kí orúkọ gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn ìwé bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gba àṣẹ kí ẹ tó lo àmì ìdánimọ̀ ilé ìwòsàn tàbí ti ìjọba.

Ẹ tọ́jú fáìlì tó ṣeé tún ṣe, fọ́ńtì, àwọn àwòrán, ìwé àṣẹ fọ́tò àti bébà tí wọ́n buwọ́ lù sójú kan náà, kí ó má jẹ́ orí kọ̀ǹpútà dìsáìnà nìkan ni wọ́n wà. Ẹ kọ oṣù àti ọdún sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé ẹ̀yìn, pẹ̀lú ipò ẹni tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó tún un tẹ̀, nítorí pé ìlànà ìtọ́jú lè yí padà, ìwọ̀n ìgò àti ọ̀rá omi ọjà náà sì lè yí padà.